Ọ̀sẹ̀ Méje ní Atosin: Bí Mo Ṣe Gba Ara Mi Padà Lọ́wọ́ Oògùn Ìrora

Ẹni tí ó bá ń ròyìn ìrìn àjò a máa sọ ti ìlú ńlá, ti ilé alájà púpọ̀ àti ti ọkọ̀ òfuurufú. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Atosin ní ilẹ̀ Ìdànrè, ìrìn tí kò gba odindi òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rin ìrìn kankan tí ó le tó o láyé mi, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà yóò jẹ́rìí mi pé, bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ Ìdànrè, àwọn àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí i. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, òmíràn dúró gbagidi bí erin, òmíràn rí roboto bí ìgbá tí a dà bolẹ̀, kùrukùru a sì máa bo orí wọn ní òwúrọ̀. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé ní àtijọ́, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ènìyàn sùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀ títí di òní, ní ọdún 2007 sì ni a fi orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí àjọ UNESCO lè kà sí ohun ìní gbogbo ayé.

Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ Ìdànrè. Atosin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń gbé, tí ó sì ní oko kòkó. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tí ó bá jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ níbẹ̀ yóò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, yóò gbọ́ igbe àkùkọ, yóò sì gbọ́ ohùn àwọn tí ń lọ sí oko tí wọ́n ń kí ara wọn láti ojúde dé ojúde. Ní oṣù kẹjọ tí mo wà níbẹ̀, òjò kì í fẹ́ dá, ewé kòkó a máa kán omi tó tó tó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ibi tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ojú mi rí i, ọkàn mi kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún méjì ṣáájú, ọ̀kadà gbé mi ṣubú nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Egungun ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ́. Wọ́n tò ó fún mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún mi ní oògùn kan tí ń jẹ́ tramadol, pé kí n máa lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí ìrora. Oògùn gidi ni. Ní ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní ilẹ̀ Jámánì, àìmọye aláìsàn ni ó sì ti tù lára láti ìgbà náà. N kò bá oògùn náà jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé, nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, mo tún ra òmíràn fúnra mi ní ìsọ̀ kẹ́míìsì, kò sì sí ẹni tí ó bi mí ní ìwé dókítà.

Kí ni mo ń wá? Ẹsẹ̀ ni mo sọ pé ó ń dùn mí, òótọ́ sì ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé, bí mo bá gbé hóró kan mì, gbèsè tí mo jẹ kò dà mí láàmú mọ́, ariwo ọmọ márùndínlọ́gọ́ta nínú kíláàsì kan kò sì jọ mí lójú mọ́. Ìyẹn ni ó mú mi. Oṣù mẹ́fà kò tí ì pé tí hóró kan kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, mo di oníméjì. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sọ́dọ̀ èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀. Mílígíráàmù 50 àti 100 ni àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n oní-200 àti oní-225 wà lọ́jà, ẹni tí ó bá wá a yóò rí i. Oògùn tí mo ń lò kí n lè ṣiṣẹ́ wá di ohun tí mo ń ṣiṣẹ́ kí n lè lò. Bí mo bá pẹ́ láti lò ó ní òwúrọ̀, ikun yóò máa ṣàn ní imú mi, ara mi yóò máa gbọ̀n, inú yóò sì máa bí mi sí àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Ó ti di bárakú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ ìta nìkan ni èyí ń ṣe. Nínú ìwádìí tí ìjọba wa àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe, tí wọ́n fi àbájáde rẹ̀ léde ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ní bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Nínú wọn, bí mílíọ̀nù 4.6 ni ó ṣi oògùn ìrora bíi tramadol àti kodíìnì lò. Ilẹ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù sì ni ó ṣíwájú gbogbo agbègbè yòókù nínú lílo oògùn, ìpín 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó omi ikọ́ oní-kodíìnì wọlé àti síse é. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú àpò ẹ̀wù tíṣà kan tí ó fi oògùn pamọ́ sí abẹ́ páálí ṣọ́ọ̀kì.

Ìyàwó mi ni ó rí i. Ó ń kó aṣọ fún fífọ̀, ó sì bá páálí oògùn mẹ́ta. Kò pariwo. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó jókòó tì wọ́n, ó sì ń dúró dè mí títí mo fi ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó ní, “Bàbá Túndé, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo ń bá gbé.” Mo bú sẹ́kún. Ẹkún náà ya èmi pàápàá lẹ́nu.

Ìtìjú mú mi, mo sì búra pé n kò ní í fi ẹnu kan án mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Àṣìṣe ńlá ni. Ní ọjọ́ kejì, òógùn tútù bò mí, ìgbẹ́ gbuuru dé, gbogbo eegun ara mi ń ro mí, àyà mi sì ń já bí ẹni pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi gbé mi lọ bá dókítà kan ní Àkúrẹ́. Dókítà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ ti gun Òkè Ìdànrè rí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Báwo ni ẹ ṣe sọ̀ kalẹ̀?” Mo ní àtẹ̀gùn ni mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò fò. Àtẹ̀gùn náà ni a óò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú èyí náà.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé oògùn yìí kò rí bí àwọn oògùn ìrora yòókù. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń dí ojú ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ, ó sì tún ń mú kí àwọn ohun kan tí ń gbé inú ènìyàn dùn pọ̀ nínú ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn oògùn tí a fi ń wo ìsoríkọ́ ti ń ṣe. Bí ó bá pẹ́ lára, ọpọlọ á jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà fún un. Bí a bá wá já a gbà lójijì, ìyà méjì ni yóò dé. Ti àkọ́kọ́ ni ti ara: òógùn, ìgbẹ́, àìróorunsùn. Ìyẹn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Ti èkejì ni ti ọkàn, ìyẹn a sì máa pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù púpọ̀. Ó ní ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ń lo èyí tí ó ju agbára lọ, gìrì lè mú un. Nítorí náà ó ṣe ètò bí mo ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi ni yóò máa tọ́jú oògùn náà, tí yóò máa kà á fún mi. Ó ní, “Ẹ má ṣe dá nìkan gbé. Ṣé ẹ ní ẹni tí ẹ lè lọ bá, tí kò ní í máa bú yín?” Bàbá tí ó wà ní Atosin ni ó wá sí mi lọ́kàn. Ọlidé gígùn ti dé, a sì dì, a mú ọ̀nà pọ̀n, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ.

Nígbà tí mo sọ ohun tí ó ń ṣe mí fún Bàbá, ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ṣé wọ́n sọ pé yóò tán?” Mo ní, “Wọ́n ní yóò tán, sà.” Ó ní, “Ó dára nígbà náà. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, a ń lọ ṣán oko.”

Ti ara kọjá gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Ó le, ṣùgbọ́n mo ti múra sílẹ̀ dè é. Ti ọkàn ni n kò mọ bí a ṣe ń múra dè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, báwo ni kí n ṣe ṣe àpèjúwe rẹ̀? Kì í ṣe ìbànújẹ́ bí ti ẹni tí òkú ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ mọ ohun tí ó sọnù. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi gúnyán, ó fi ẹran ìgbẹ́ se ọbẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ìwé. Ọmọ mi kékeré sáré wá fi alángbá tí ó mú hàn mí, mo sì ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò. Mo rò pé bí ayé ṣe rí gan-an nìyí, pé oògùn ni ó ti ń fi ara rẹ̀ pa mọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Irọ́ tí ìsoríkọ́ ń pa fún ènìyàn nìyẹn, ohùn ara rẹ̀ ni ó sì fi ń pa á fún un, nítorí náà kì í mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn òru kan wà tí mo dùbúlẹ̀ tí mo ń gbọ́ òjò lórí páànù, tí mo sì ń rò ó pé bí n kò bá jí mọ́, ó dára. N kò fẹ́ kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè kà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, mo ti tan ẹni tí ó ń rò ó lọ́wọ́ báyìí, tí ó rò pé òun nìkan ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ń fín oògùn sí kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú nígbà òjò. Èmi ni mo ń pọn omi láti inú odò wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwọn lébìrà, ó lágbára, ó ń gbé táǹkì oògùn kòkó sẹ́yìn láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ láìsinmi. Ó rí i pé ara mi kò yá. Ó fa ìwé oògùn kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó já hóró kan, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà, ẹ fi gbé ara dìde. Òun ni a fi ń ṣiṣẹ́.” Inú rere ni ó fi ṣe é. Kò mọ ohunkóhun nípa mi.

Mo mọ hóró náà kí n tó wò ó. Mo dì í mú. Mo rìn lọ sí abẹ́ igi kòkó kan, mo sì jókòó sórí ewé gbígbẹ. Mo sọ fún ara mi pé ẹyọ kan ni, pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀, pé kí n kàn lè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọ mi ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò níbẹ̀. Oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nínú òógùn ọwọ́ mi. Nígbà tí ó yá, mo dìde, mo lọ bá Bàbá, mo la ọwọ́ mi níwájú rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá kò bi mí ní ẹni tí ó fún mi. Ó fi ìka he hóró náà, ó ri í mọ́ ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wá fà mí lọ́wọ́ lọ sí apá kan oko náà, níbi tí igi kòkó ti dúró dáadáa, tí èso sì wà lára wọn láti ìdí títí dé òkè. Ó ní, “Ṣé o rí ibí yìí? Mo ti fi í yá owó rí.”

Ó ní nígbà tí àbúrò mi obìnrin, ọmọ rẹ̀, fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sí owó. Ó fi apá oko yìí dúró lọ́wọ́ olówó kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ kòkó mọ bí ó ti máa ń rí: olówó ni yóò máa ká kòkó náà títí ẹni tí ó yá owó yóò fi san owó rẹ̀ pé. Ọdún márùn-ún ni. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo san owó tán, mo jó wọ inú oko. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo jókòó mo sunkún. Olówó ti ká gbogbo ohun tí ó lè ká, kò ṣán an, kò gé àfòmọ́ ara rẹ̀. Ọdún kìíní tí mo gba oko mi padà, kò so. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ó sàn nígbà tí ó wà lọ́wọ́ olówó, pé nígbà náà a ṣì ń rí kòkó níbẹ̀. Ìwọ ọmọ mi, ọdún tí oko kò so yẹn ni ó kọ́kọ́ di tèmi. Mò ń ṣán an. Mò ń wò ó. Ní ọdún kejì, ó yọ òdòdó.”

Ó kọjú sí mi. Ó ní, “Oko rẹ ni ó ṣì ṣófo yìí. Má ṣe dá a padà fún olówó nítorí pé kò tí ì so.”

Mo ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo ti ka ìwé nípa ọkàn àti ìrònú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ìsoríkọ́ yìí fún mi bí ti àgbẹ̀ yìí. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé òfìfo inú mi jẹ́ àmì pé n kò lè gbé láìsí oògùn. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé àmì pé mo ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìyà tí ń jẹ òun ní òpin lè fara dà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ni ó ń padà sọ́dọ̀ olówó.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í jẹ́ kí n dá jókòó. Kì í wàásù fún mi. Bí mo bá jí tí n kò lè dìde, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní, “Tíṣà, àdá rẹ ń dúró.” Iṣẹ́ kékeré ni yóò fún mi, èyí tí mo lè parí kí oòrùn tó mú: kí n ṣán ìdí igi ogún, kí n tún ọgbà adìẹ ṣe. Ní ọ̀sán, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lábẹ́ igi, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ pé tíṣà wà nílé. Ní alẹ́, èmi àti ìyàwó mi a máa rìn títí dé ẹ̀yìn ìlú ká tó padà. N kò gbádùn ọ̀kankan nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń ṣe wọ́n ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ kan ka táìmù méje títí dé òpin láìṣì í, mo sì gbọ́ tí mo rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun tí Bàbá ṣe yìí rán mi létí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó ti òkè òkun dé tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní ọdún 1954, kò gbà pé kí a kàn máa ti àwọn tí àìsàn ọkàn ń ṣe mọ́lé. Ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó wà nítòsí ṣe àdéhùn. Wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, ẹbí aláìsàn sì bá a wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gba oògùn àti ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn jẹ, wọ́n ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára ètò náà. Lambo kú ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n Àró ṣì wà, ó sì ní ẹ̀ka fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Bàbá kò gbọ́ orúkọ Lambo rí. Ohun tí ilẹ̀ wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe: a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ kí ó dá ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, Bàbá ní kí n mú àwọn ọmọ lọ gun òkè kí a tó padà. Àtẹ̀gùn tí a ṣe síbẹ̀ ju 600 lọ, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ọ̀nà. Nítorí ẹsẹ̀ mi, mo jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi náà, àwọn ọmọ sì ń yọ mí lẹ́nu pé mo ti darúgbó. A dé òkè, a rí ààfin àtijọ́, a rí ilẹ̀ Ìdànrè nísàlẹ̀ pẹ̀lú òrùlé àti igbó kòkó títí dé ibi tí ojú kò lè rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ dókítà sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí a ń bọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ a máa ro orúnkún ju gígùn lọ. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, kò sì sí èyí tí a lè fò nínú wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò ní í pa yín mọ́ ìmọ̀ràn. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn ìrora, ẹ lò ó bí ó ti wí, bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé tí ìrora kò lọ, dókítà náà ni kí ẹ padà lọ bá, kì í ṣe ìsọ̀ kẹ́míìsì. Bí ó bá ti di bárakú, ẹ má ṣe já a sílẹ̀ lójijì ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ wá dókítà tí yóò bá yín dín in kù. Bí ìsoríkọ́ náà bá pọ̀ jù, ẹ sọ fún un, nítorí pé ìtọ́jú wà fún ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa tọ́jú oògùn náà. Bí ẹ bá sì ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ má ṣe padà sí iye tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ láéláé. Ara ti gbàgbé rẹ̀, iye náà sì lè pa ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, ẹ rántí pé ẹni tí ó ń rà á lójoojúmọ́ tí kò sì ní ìwé dókítà kì í ṣe oníbàárà rere. Ẹni tí ó ń rì ni. Ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ kan bá ń yí padà lójú yín, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ìwé sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin ọdún 1958 tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Bí òfin bá ti lè yí ẹnu padà, àwa náà lè yí i. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé òun kò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má ṣe sọ pé kí ó lọ gbàdúrà nìkan. Ẹ jókòó tì í. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Mo ti padà sí kíláàsì mi. Dókítà ní hóró tí ó kẹ́yìn ti lọ, ó sì ti lé ní ọdún kan báyìí. N kò ní í purọ́ fún yín pé gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń mọ́lẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òfìfo náà ń padà wá kí mi, pàápàá nígbà òjò. Bí ó bá dé, mo máa ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi kí n tó wẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń wá iṣẹ́ kékeré kan tí mo lè parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin lébìrà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí n tó kúrò ní Atosin, mo wá a lọ, mo sì sọ ìtàn mi fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Ó dákẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ta ni yóò bá mi gbé táǹkì?” N kò ní èsì fún un ní ọjọ́ náà. Bàbá ni ó fún un ní èsì. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ènìyàn méjì ni yóò máa pín iṣẹ́ táǹkì kan ṣe, owó ẹnikẹ́ni kò sì ní í dín. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́.

Kòkó apá oko yẹn so dáadáa ní ọdún yìí. Bàbá fi páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, ó sì ní kí wọ́n sọ fún mi pé àdá mi ń dúró.